Iye Tó Wà Láàárín Ìrìn-àjò Méjèèjì

Òjìlélẹ́gbẹ̀rin ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jẹ mí lọ́dún tá a wọ ọkọ̀ òkun. Ẹni tí kò bá mọ bí owó náà ṣe tó, kó fi aṣọ wò ó: aṣọ ilé-ìwé ọmọdé mọ́kànlélógún ni, ní ogójì ogójì, iṣẹ́ oṣù kan gbáko fún aránṣọ tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran dáadáa. Ojú ẹ̀gbọ́n mi kò sì ríran dáadáa mọ́. Owó náà kì í ṣe nǹkan mìíràn ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìrìn-àjò méjì, èyí tó wọ́n àti èyí tí kò wọ́n. Èyí tó wọ́n ni wọ́n mú. Mo ní kí wọ́n má mú un.

Màmá Aránṣọ làwọn ará àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n ti jókòó sídìí maṣíìnì, wọn ò sì dìde níbẹ̀ títí wọ́n fi pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Yàrá iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù: tábìlì gígùn kan tí wọ́n ń gé aṣọ lórí rẹ̀, maṣíìnì dúdú tó ti pá lára níbi tí ọwọ́ ti ń kàn án jù, áyọ́ọ̀nù, àti agolo bisikíìtì kan tó kún fún bọ́tìnnì. Kò sí dígí níbẹ̀. Oníbàárà tó bá béèrè dígí, wọ́n á ní, "Dígí a máa pọ́n èèyàn lé. Téèpù kì í wojú ẹnikẹ́ni."

Wọn kì í sì í gba ìwọ̀n tí wọn ò bá fọwọ́ ara wọn wọ̀n. Ìyàwó ilé kan rán ìwọ̀n ọkọ rẹ̀ wá nígbà kan, ó kọ ọ́ sórí ìwé, ó ní ọkọ òun kò ráàyè. Ẹ̀gbọ́n mi dá ìwé padà, wọ́n dá aṣọ padà. "Ẹni tí ọwọ́ mi ò bá kàn, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí mi ò sì mọ̀, kí ni mo fẹ́ rán fún un?" Owó lọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣírò iye tí ilé máa ná onílé kó tó ra bíríkì àkọ́kọ́, inú mi kì í dùn sí irú ọ̀rọ̀ yẹn. Àmọ́ mi ò tíì rí ẹni tó wọ aṣọ wọn tó ní ó fún òun tàbí ó ṣò.

Ọkọ wọn kú, ó fi ọmọkùnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún wọn. Ọmọ náà ga bí òpó iná, ó sì mọ irọ́ pa, irọ́ ẹlẹ́rìn-ín tí kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ìdí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òkun ló lọ ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti wálé báyìí, kó tó jẹun, ẹ̀gbọ́n mi á ní kó dúró ṣánṣán, wọ́n á wọ̀n ọ́n láti èjìká dé ẹsẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ iye tí òkun ti jẹ nínú ẹran ara rẹ̀. Á sì máa pariwo pé, "Ìyá mi, èmi kọ́ ni aṣọ o, èèyàn ni mí!"

Ẹnu iṣẹ́ ni àyà rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Ìlú olótùútù kan ní ìhà àríwá ló sún mọ́ ọkọ̀ jù lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ làwọn ọ̀gá rẹ̀ gbé òkú rẹ̀ sọ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí kí ìròyìn tó kàn wá. Fọ́tò kan ni iléeṣẹ́ ọkọ̀ fi ránṣẹ́ sí wa: òkúta pẹlẹbẹ kan láàárín koríko, orúkọ ìlú náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tó yá, owó gbà-má-bínú dé. Ẹ̀gbọ́n mi kò fọwọ́ kan owó náà. Fọ́tò ni wọ́n mú, wọ́n wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n wá gbé e sílẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ò ju pé, "Ìwọ̀n tí wọ́n rán sí mi nìyí."

Ọmọ méjì ni olóògbé náà bí sílẹ̀. Obìnrin ló ṣáájú, ọmọ ọdún méjìlá. Adájọ́ là ń pè é, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí a sọ nínú ilé tí kì í dá lẹ́jọ́. Ọkùnrin ló tẹ̀ lé e, ọmọ ọdún méje, ó tín-ín-rín débi pé ìyá rẹ̀ àgbà sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́. Ìyá wọn ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì, ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń sinmi, nítorí náà ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi làwọn ọmọ máa ń wà bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi.

Èmi ni mo mú ẹ̀gbọ́n mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Àìsàn tó ti ń jẹ ojú wọn bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àárín. Wọ́n ń wo ayé bí ẹni tó ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ò lè dá a padà. Ó ní, "Mà, ohun tó bá wù yín láti rí, ẹ tètè lọ rí i." Bóyá ó rò pé ìtùnú ni.

Bá a ṣe ń bọ̀ wálé, wọ́n dúró lójijì níwájú ilé-iṣẹ́ kan tí àwòrán ọkọ̀ funfun ràgàjì wà lára gíláàsì rẹ̀.

"Àbúrò mi, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Wọ́n ń ta ìgbádùn lórí òkun fún bàbá, ìyá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ."

Wọ́n rò ó díẹ̀. "Owó yẹn ṣì wà ní báǹkì. Owó òkun ni, jẹ́ kó padà sókun. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ yẹn wọ ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi lójú."

Mo gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí kì í ṣe àṣà mi. Owó náà tó. Àní, ó tó fún ìrìn-àjò tí èmi rò pé à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní Sátidé, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ síbẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ọlọ́yàyà èèyàn, ó tẹ́ ìwé aláwòrán méjì síwájú wa. Èkíní ni ti àwọn erékùṣù: ọjọ́ méje nínú oòrùn, ìlàjì owó fún ọmọdé. Lórí ọkọ̀ yẹn fúnra rẹ̀, ọ̀nà omi kan wà tó lọ́ kiri bí ìfun, tí ọmọdé á yọ̀ gẹ̀rẹ́ gba inú rẹ̀ já sínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́.

Abẹ́rẹ́ fọwọ́ lé e. "Èyí la fẹ́. Ẹ sanwó ká máa lọ."

Mo ní, "Ṣé ìwọ lo máa san án ni?"

"Bàbá Àgbà, ẹ̀yin lẹ lówó. Èmi ni mo lójú."

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ní kí ọmọbìnrin náà ka ti ìwé kejì. Ọjọ́ méje lòun náà, ìhà àríwá ló ń lọ. Ó ka orúkọ èbúté àkọ́kọ́, ó ka ìkejì, ó ka ìkẹta. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi tó ń tẹ́ ìwé náà dúró.

"Tún èyí tó o kà kẹ́yìn yẹn kà."

Ó tún un kà. Mo mọ orúkọ náà. Adájọ́ náà mọ̀ ọ́n, torí mo rí i tó yí ojú sí ògiri.

"Ìyá mi, ṣé itẹ́ òkú ìlú yẹn jìnnà sí etíkun?" Ẹ̀gbọ́n mi ló ń béèrè, "ìyá mi" ni wọ́n sì ń pe gbogbo ọmọbìnrin tí wọ́n bá fẹ́ kó ṣàánú wọn.

Ọmọbìnrin náà wá a lórí kọ̀ǹpútà. "Ẹ̀yìn òkè ni, mà. Kò ju ká rọra rìn ín lọ. Àmọ́ mi ò ní tàn yín o. Ìlú yẹn ò ní èbúté ọkọ̀ ńlá. Àárín omi lọkọ̀ máa dúró sí, ọkọ̀ kékeré láá wá máa kó yín lọ sílẹ̀. Bí ìgbì bá ga, kò sẹ́ni tó ń sọ̀. Nínú ìrìn-àjò mẹ́ta, ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan."

Mo fa bírò yọ. Ìhà àríwá kò mọ ìlàjì owó ọmọdé. Oúnjẹ ibẹ̀ wọ́n, yàrá ibẹ̀ wọ́n. Mo yọ tèmi kúrò, torí èmi fúnra mi ni màá san tèmi. Àwọn mẹ́ta ni mo ṣírò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, òjìlélẹ́gbẹ̀rin ló fi ju ti erékùṣù lọ. Owó yín ò sì tó o. Bóyá lẹ fẹ́ ra ní òjìlélẹ́gbẹ̀rin."

"Bóyá ni mo ti ń rà látọjọ́ tí mo ti dáyé. Nígbà tí mo lóyún bàbá àwọn ọmọ yìí, bóyá ni. Nígbà tó wọ ọkọ̀, bóyá ni. Ṣé o máa yá mi ni àbí o ò ní yá mi?"

"Ẹ jẹ́ ká délé ná."

"Oníṣirò," ni wọ́n wí, wọ́n sì dìde.

Ilé ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá aṣọ onírun tí wọ́n á fi rán kóòtù òtútù fáwọn ọmọ, bí ẹni pé a ti sanwó. Wọ́n ní kí Adájọ́ wá dúró kí àwọn wọ̀n ọ́n. Kò dìde lórí àga.

"Màmá Àgbà, èmi ò lọ síbi ibojì."

"Ta ló pè é ní ibojì? Ọkọ̀ òkun là ń sọ."

"Ibojì ni. Abẹ́rẹ́ ò mọ̀ ni, èmi mọ̀. Ẹ fẹ́ ká lọ jókòó sínú òtútù ká máa wo òkúta."

Abẹ́rẹ́ gbójú sókè níbi tó ti ń to bọ́tìnnì. "Ṣé áísìkiriìmù wà níbẹ̀?"

"Dákẹ́!" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Mo gbè é lẹ́sẹ̀. Mo ní ọmọ náà ò purọ́, mo ní ìsinmi ọmọdé kì í pọ̀, mo ní ọ̀nà omi tó lọ́ bí ìfun yẹn wà lórí ọkọ̀ erékùṣù láìsí bóyá kankan níbẹ̀. Ọmọ ni ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí.

"Ojú mi ò ní pẹ́ tán. Ohun tí mo bá rí báyìí ni màá máa wò nínú òkùnkùn títí màá fi kú. O ò fẹ́ kí n rí bàbá ẹ mọ́ ọn?"

Adájọ́ dìde. "Ẹ máa wo àwa nígbà náà! Àwa tá a wà láàyè ńkọ́?"

Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi á gbá a létí, torí pé níwájú mi, kò sí ọmọ tó tíì gbé ohùn sókè sí wọn nínú yàrá yẹn. Wọ́n kàn na ọwọ́, wọ́n wá èjìká rẹ̀ kiri nínú afẹ́fẹ́ títí wọ́n fi rí i, wọ́n fi ìka wọn wọ̀n ọ́n láti ọrùn dé ọrùn ọwọ́.

"Ẹ̀yin, ọwọ́ mi mọ̀ yín. Bí ojú mi fọ́ lónìí, mo mọ̀ yín. Òun nìkan lọ́wọ́ mi ò dé ibi tó wà."

Ọmọ náà dúró síbẹ̀, ó ń sunkún láìpariwo, ẹ̀gbọ́n mi sì ń wọ̀n ọ́n lọ: apá, àyà, ìbàdí. Nígbà tí wọ́n dé orúnkún, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Ẹ fi àpò sí i," ló wí. "Àpò tó jìn."

Mo yá wọn lówó náà ní ọjọ́ Mọ́ńdè.

Mi ò ní parọ́, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ dùn. Abẹ́rẹ́ ń bì, ó sì ń jẹ, ó ń bì, ó sì tún ń jẹ. Agbáwo kan sọ pé ọmọ yìí máa dá gbèsè sí ọkọ̀ lọ́rùn. Mo dá a lóhùn pé a ti san án. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ẹnì kan mú àwọn lọ síbi tí àwọn á ti lè gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri irin níbẹ̀, wọ́n pẹ́ gan-an, àwọn èèyàn ń yà fún wa kọjá.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a dé ìlú náà, mo kan ilẹ̀kùn yàrá wọn, mo bá wọn tí wọ́n ti wọṣọ tán. Wọ́n jókòó sórí ibùsùn, bàtà wà lẹ́sẹ̀, báàgì wà lórí itan, téèpù wà nínú báàgì. Àwọn ọmọ ti de bọ́tìnnì kóòtù wọn dé ọrùn. Ibẹ̀ la wà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn fi sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ kí gbogbo èèyàn káàárọ̀, ó ní ìgbì ga ju ohun tí ọkọ̀ kékeré lè gbà lọ, ó ní kò ní sí ìsọ̀kalẹ̀, ó sì sọ fún wa pé tíì gbígbóná wà ní gbọ̀ngàn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n mú àwọn lọ bá ẹni tó lè ṣe nǹkan sí i. A rí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn ìsọ̀kalẹ̀, ọkùnrin tó lè jẹ́ ọmọ wọn.

"Ọmọ mi wà nílùú yẹn," ni wọ́n wí fún un.

"Ẹ pè é lórí fóònù, mà. Ẹ ṣàlàyé fún un pé ìgbì ni. Ó máa yé e."

Ẹ̀gbọ́n mi mi orí. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

A gòkè lọ sí òde. Atẹ́gùn ń gbá èèyàn létí. Wọ́n di irin etí ọkọ̀ mú, wọ́n kọjú síbi tí ariwo etíkun ti ń bọ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé eérú lásán ni gbogbo ẹ̀ lójú wọn. Èmi rí ìlú náà: ilé ìkẹ́rùsí, ilé iná ojú omi, òrùlé mélòó kan, òkè kan lẹ́yìn wọn. Mi ò rí nǹkan míì.

Adájọ́ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. "Màmá Àgbà, mo rí i."

"Kí lo rí?"

"Itẹ́ òkú náà. Ó wà lára òkè, ọgbà funfun yí i ká. Mo rí ti bàbá mi. Iwájú ló wà. Ó kọjú sí omi."

Mo tún wo òkè náà; mi ò rí ọgbà kankan.

"Ṣé ó mọ́?"

"Ó mọ́. Wọ́n ti gé koríko ẹ̀."

"Báwo ló ṣe gùn tó?"

Ọmọ náà ò retí ìyẹn. Ó wo òkè, ó wò wọ́n. "Ó… ó gùn tó yín, Màmá Àgbà."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ kan kúrò lára irin, wọ́n nà án sókè orí ara wọn díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ibi tí orí ọmọ wọn máa ń dé bó bá dúró kí wọ́n wọ̀n ọ́n.

"Wọ́n gé e kúrú," ni wọ́n wí. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní lè nà."

"Rárá, rárá! Mo ṣì í wò ni! Ó gùn jù yín lọ, Màmá Àgbà, ó gùn jù yín lọ dáadáa, ẹsẹ̀ wọn nà, mo rí i…" Adájọ́ di ìbàdí wọn mú, ó ké, ó ké débi pé Abẹ́rẹ́ tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi apá gbá àwọn méjèèjì mọ́ra. Wọ́n ń sọ pé, "Ó dáa. Tó bá gùn, ó dáa. Ó tó, ó tó." Bá a ṣe wà nìyẹn títí ọkọ̀ fi ká ìdákọ̀ró.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà táwọn ọmọ sùn, wọ́n ní kí n wá jókòó.

"Ọmọ yẹn mọ irọ́ pa bíi bàbá ẹ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ṣebí níwájú mi ni ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ti sọ pé ẹ̀yìn òkè ni itẹ́ òkú wà. Ojú ló ń dùn mí, kì í ṣe etí."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ jẹ́ kó máa bá a lọ?"

"Òun tó lóun ò ní wo ibojì bàbá òun, ó dúró sínú atẹ́gùn yẹn, ó ń wá a fún mi. Ṣé kí n wá dá a lẹ́nu?" Wọ́n nu ojú wọn, èyí tí kò wúlò mọ́ yẹn. "Mo kàn béèrè ìwọ̀n ni. Ẹnu mi ló yá."

Nígbà tá a padà dé, iléeṣẹ́ ọkọ̀ dá owó ìsọ̀kalẹ̀ padà, mẹ́wàá lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi kó ọgbọ̀n tàwọn mẹ́ta lé mi lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ku ẹgbẹ̀rin ó lé mẹ́wàá.

Kí ọdún náà tó parí, ojú wọn tán pátápátá. Aránṣọ ọ̀dọ́ kan ló háyà yàrá iwájú báyìí; ó ti gbé dígí síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń bá a rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, ọwọ́ wọn ló ń ríran, ó sì ń fún wọn ní nǹkan díẹ̀ lóṣooṣù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbowó náà, wọ́n ní kí Adájọ́ mú àwọn wá sílé mi. Wọ́n na mẹ́wàá sí mi.

Èmi tí mi ò kì í dárí gbèsè ji ẹnikẹ́ni, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fi mọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló bẹ̀ ẹ́? Mo ń san èyí kí n lè yá òmíràn."

"Òmíràn tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe kí ni?"

"Kí n padà lọ. Ìgbì ò lè ga lójoojúmọ́. Ojú mi ló lọ, àbúrò mi. Ọwọ́ mi wà níbẹ̀."

Adájọ́ ń wo ilẹ̀. Èmi ń ṣírò. Ní mẹ́wàá lóṣù, wọ́n á ti kọjá ọgọ́rin ọdún dáadáa kí wọ́n tó san èyí tán, ká má tíì sọ òmíràn. Tíkẹ́ẹ̀tì ìhà àríwá sì ti gbówó lérí. Mo ti lọ béèrè. Mi ò sọ ọ́. Mo gba mẹ́wàá náà, mo kà á sókè kí wọ́n lè gbọ́.

"Ó ku ẹgbẹ̀rin, Ẹ̀gbọ́n mi."